Kàtídírà Siracusa ní Sísílì: ṣé ká wọlé ni àbí ká yàwòrán lójúde ká máa lọ?

Wálé_Catania kọ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Catania ni mò ń gbé, iṣẹ́ ilé ìkẹ́rù ni mò ń ṣe, àyè kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ tó wá kí wa láti London fẹ́ ká lọ sí Siracusa lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti rí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Ortigia, erékùṣù tí ìlú àtijọ́ wà lórí rẹ̀. Iwájú rẹ̀ funfun báláú, ère wà lókè, ère wà nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní ká má wulẹ̀ sanwó wọlé, pé iwájú ilé náà nìkan ló dáa, pé inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ògiri ìhòòhò ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Ìdajì ọjọ́ péré la ní, àbúrò ìyàwó mi sì ti ní òun gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan omi òkun.

ÀǹtíBísí_Siracusa kọ:
Wálé, ẹ wọlé o. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Siracusa, ìyá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú ní àdúgbò Borgata, òun ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Owó ìwọlé ò tó owó písà kan. Ẹni tó ní ògiri ìhòòhò ni, kò mọ ohun tó ń wò ni. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má tíì sáré lọ síbi pẹpẹ. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Ẹ óò rí òpó òkúta gbàgìdì-gbàgìdì nínú ògiri, èyí tí ọkùnrin méjì á na ọwọ́ tán tí wọn ò ní lè gbá a mọ́ra. Àwọn òpó yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Jésù. Tẹ́ńpìlì àwọn Gíríìkì ni, ti òrìṣà obìnrin wọn tó ń jẹ́ Atẹ́nà. Wọn ò wó o. Inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe Mísà títí di òní.

Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún o. Àbúrò ìyàwó rẹ tó fẹ́ lọ sétí òkun, kó fi ìborùn sínú báàgì, kí wọ́n má baà dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Wálé_Catania kọ:
Háà. Tẹ́ńpìlì Gíríìkì báwo, Àǹtí? Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán tí mo rí ni 1753.

Olùkọ́_Adé kọ:
Iwájú ilé ló jẹ́ ti 1753. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lé ní igba ju iwájú yẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí n tò ó díẹ̀, torí ìtàn yìí gùn.

Ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Kristi, Gelon, aláṣẹ Siracusa, ṣẹ́gun àwọn ará Carthage, ìlú alágbára kan ní Àríwá Áfíríkà, ní Himera, lápá àríwá Sísílì. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn ni wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì yìí fún Atẹ́nà: òpó 6 níwájú, 6 lẹ́yìn, 14 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ka ti igun mọ́ ọn. Ilé olówó ni. Àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ sọ pé asà kan wà lórí rẹ̀ tó ń kọ mànà dé ojú òkun. Bí ọkọ̀ bá ń ṣí kúrò ní èbúté, àwọn atukọ̀ á mú ife kan láti ibi pẹpẹ kan ní ìpẹ̀kun erékùṣù náà, wọ́n á máa wẹ̀yìn. Ìgbà tí wọn ò bá rí asà náà mọ́ ni wọ́n á ju ife sínú omi, pẹ̀lú òdòdó, afárá oyin àti tùràrí.

Ilẹ̀kùn rẹ̀, wúrà àti eyín erin ni. Olè ló jẹ́ ká mọ̀. Verres, tí Róòmù fi jẹ gómìnà Sísílì láti 73 sí 71 ṣáájú Kristi, ló palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí Cicero, agbẹjọ́rò Róòmù, wọ́ ọ lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 70, ó ka ẹrù olè náà lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn àwòrán tó fi ogun Ọba Agathocles lórí ẹṣin hàn, àwòrán 27 mìíràn, kókó wúrà tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn lọ́ṣọ̀ọ́, tó yọ wọ́n lọ́kan-ọ̀kan. (Gómìnà tó ń yọ wúrà lára ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀.)

Ní ọ̀rúndún keje lẹ́yìn Kristi, Bíṣọ́ọ̀bù Zosimo sọ ilé náà di kàtídírà. Ní 878 àwọn Lárúbáwá gba ìlú, ó di mọ́sálásí. Ní 1086 àwọn Norman, jagunjagun tó wá láti ilẹ̀ Faransé, gbà á, ó padà di ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni 11 oṣù kìíní 1693 dé. Ilẹ̀ mì ní gbogbo gúúsù ìlà-oòrùn Sísílì, nǹkan bí 60,000 ènìyàn ló kú. Catania tí ìwọ Wálé ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ilé dúdú òun funfun tí ò ń rí láàárín ìlú yín lónìí, lẹ́yìn àjálù yẹn ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn ará Noto tiẹ̀ fi ìlú wọn sílẹ̀ lórí òkè, wọ́n lọ tẹ ìlú mìíràn dó nísàlẹ̀. Ní Siracusa, iwájú kàtídírà tí àwọn Norman kọ́ wó. Andrea Palma, ọmọ Trapani, ló ya èyí tí ẹ rí nínú àwòrán. Ó kú ní 1730, iṣẹ́ ò tíì parí. 1753 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Ignazio Marabitti, ará Palermo, ló gbẹ́ àwọn ère: Màríà Wúńdíá láàárín lókè, Marciano Mímọ́ tí wọ́n gbà pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ìlú náà lápá kan, Lúsíà Mímọ́ lápá kejì, Pétérù àti Pọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ níbi àkàsọ̀.

Bíríkìlà_Ìjẹ̀bú kọ:
Olùkọ́, ẹ ṣé é. Àmọ́ ẹ fo ibi tó dùn mọ́ èmi jù, ìyẹn bí wọ́n ṣe yí i padà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ẹ jẹ́ kí n bá Wálé sọ ọ́.

Tẹ́ńpìlì Gíríìkì, ẹ mú un pé yàrá gígùn kan ni, ògiri rẹ̀ dí pa, àwọn òpó wá yí i ká níta. Àwọn èèyàn kì í jọ́sìn nínú yàrá yẹn, ère òrìṣà ló ń gbé ibẹ̀; níta ni pẹpẹ ẹbọ wà. Àwọn Kristẹni ní tiwọn ń fẹ́ àyè tí ìjọ á lè dúró sí nínú ilé. Kí ni wọ́n ṣe? Àlàfo tó wà láàárín òpó kan sí èkejì níta, wọ́n fi òkúta dí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òpó di ògiri ìta. Ògiri yàrá inú, wọ́n gé ẹnu ọ̀nà 8 sí i ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ògiri di òpó onígun mẹ́rin. Yàrá kan di ọ̀nà mẹ́ta: àárín tó fẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ méjì. Ibi tí òjò ti ń pa èèyàn tẹ́lẹ̀ wá di inú ilé.

Èyí tó tún gbọ́n jù: ìlà-oòrùn ni ẹnu ọ̀nà àwọn Gíríìkì kọjú sí. Àwọn Kristẹni fẹ́ kí pẹpẹ wà ní ìlà-oòrùn. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n lu ẹ̀yìn ilé síwájú. Nítorí náà, iwájú funfun tí Palma kọ́ tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì ló wà. Òpó méjì tí ẹ máa rí ní kété tẹ́ ẹ bá wọlé, ti ẹ̀yìnkùlé Atẹ́nà ni.

Mo ti rí iṣẹ́ àtúnkọ́ tó pọ̀, mi ò tíì rí èyí tí wọ́n ti fi ìwọ̀nba wíwó ṣe àyípadà tó tóbi tó báyìí. Ilẹ̀ mì ní 1542, ó mì ní 1693, iwájú wó, àwọn òpó tẹ̀ díẹ̀, wọn ò ṣubú. Òkúta tí wọ́n fi dí àlàfo wà lára ohun tó mú kí wọ́n dúró.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ kọ́kọ́ gba òpópónà kékeré tó wà lápá òsì ilé náà, Via Minerva lorúkọ rẹ̀. Ẹ óò rí àwọn òpó kan náà láti ìta, tó yọ ikùn jáde nínú ògiri, pẹ̀lú òkúta ìdábùú tí àwọn Gíríìkì gbé lé wọn lórí. Ọ̀fẹ́ ni tibẹ̀.

Wálé_Catania kọ:
Bọ̀dá Bíríkìlà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka ti yín sókè fún ìyàwó mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ṣì kù o. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá jẹ́ Bàróòkì, àrà ilé kíkọ́ tí iwájú rẹ̀ yẹn jẹ́, ibo ni wúrà àti ọnà tó yẹ kó wà nínú ẹ̀? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wọ̀ ní Catania, inú wọn kún dẹ́múdẹ́mú.

Olùkọ́_Adé kọ:
Wọ́n ha á kúrò ni. Inú kàtídírà yẹn náà kún tẹ́lẹ̀, pílásítà, ọnà, pẹpẹ kéékèèké lọ́tùn-ún lósì. Láàárín 1909 sí 1927 ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù kí òkúta Gíríìkì lè hàn. Àsìkò yẹn ni Paolo Orsi, ògbóǹtarìgì awalẹ̀pìtàn, ń walẹ̀ nísàlẹ̀ àti láyìíká ibẹ̀, orí gbogbo ìlú sì gbóná sí ohun Gíríìkì. Kìkì àwọn yàrá àdúrà ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ti Bàróòkì sílẹ̀ sí.

Mo mọ̀ pé ẹnu á kò mí, àmọ́ mo rò pé àṣejù ni. Ohun tí wọ́n pè ní àtijọ́ yẹn, kò sí Gíríìkì kan tó rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn Gíríìkì rẹ́ òpó tiwọn, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà. Kò sí onígbàgbọ́ ìgbà Zosimo tó rí i bẹ́ẹ̀. Kò sí ará 1753 tó rí i bẹ́ẹ̀. Èrò àwọn ọ̀mọ̀wé ọdún 1920 nípa àtijọ́ ni Wálé máa lọ wò lọ́jọ́ Sátidé.

Bíríkìlà_Ìjẹ̀bú kọ:
Rárá o, Olùkọ́. Mi ò gbà. Ilé tó wà lórí ilẹ̀ tó ń mì, ó yẹ kéèyàn lè rí egungun rẹ̀. Bí òpó bá là lábẹ́ pílásítà, ta ló máa mọ̀? Omi iyọ̀ òkun ń wọ inú òkúta yẹn láti ẹsẹ̀, tí ẹ bá tún wá fi nǹkan dí ojú rẹ̀, inú ló ti máa jẹrà. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ bi àlejò ọgọ́rùn-ún tó wọ ibẹ̀ pé kí ni wọ́n rántí. Gbogbo wọn á ní òpó.

Ìyá_Kọ́lá_Torino kọ:
Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì, ẹ fara balẹ̀. Àwa ìjọ Kátólíìkì tí a ń lo ilé náà ńkọ́? Pẹpẹ tí wọ́n kó dànù, àwọn kan ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ìyá wọn kúnlẹ̀ síbẹ̀, ìyá ìyá wọn kúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọn ò bi wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó ní òkúta òrìṣà ṣe pàtàkì ju pẹpẹ lọ, ọ̀rọ̀ parí.

Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú mi rí. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí a ṣe ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, láàárín òkúta líle yẹn, a dé ẹnu ọ̀nà yàrá Sakramẹ́ńtì Mímọ́, mo bá gbójú sókè. Agostino Scilla ló ya àwòrán sí àjà rẹ̀ ní 1657. Àwọ̀ rẹ̀ yọ sí mi lójijì. Ká ní gbogbo ilé ló kún bẹ́ẹ̀, bóyá mi ò bá má tiẹ̀ dúró. Torí náà ẹ̀dùn ọkàn mi wà pẹ̀lú Olùkọ́, ojú mi wà pẹ̀lú Bíríkìlà.

Olùkọ́_Adé kọ:
Màmá Kọ́lá, mo gbà fún ojú yín. Àmọ́ ẹ bá mi bi Bíríkìlà: tó bá jẹ́ pé egungun ló yẹ ká máa rí, ṣé kí wọ́n wó iwájú Palma náà ni? Òun ló bo ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì.

Bíríkìlà_Ìjẹ̀bú kọ:
Ẹ ẹ̀ ní fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, Olùkọ́. Iwájú yẹn kì í ṣe pílásítà. Òkúta gidi ni, òpó gidi ni, ó dá dúró kúrò lára ògiri, ó ń ru ẹrù tirẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ lè bá mi jà sí i.

Tádé_UK kọ:
Ẹ jọ̀ọ́, fún àwa tí a ò mọ nǹkan kan, kí ni Bàróòkì gan-an? Gbogbo yín ń pè é bí ẹni pé ọjà Dùgbẹ̀ ni.

Ọmọ_Agudà kọ:
Àrà ilé kíkọ́ àti ọnà ni, Róòmù ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ilé Bàróòkì kì í jẹ́ kí ojú sinmi. Ẹ wo iwájú Siracusa yẹn. Ìpele méjì ni, àwọn òpó rẹ̀ yọ síta kúrò lára ògiri, kí òòrùn lè tàn sí iwájú wọn kí òjìji sì ṣú lẹ́yìn wọn. Orí onígun mẹ́ta tó yẹ kó bo ẹnu ọ̀nà, wọ́n dá a sí méjì láàárín, wọ́n fi ère sí àlàfo rẹ̀. Bí ẹ bá gun àkàsọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ti lọ́ pọ̀, wọ́n gbẹ́ ìtàkùn àjàrà mọ́ ọn lára. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi ń fa ènìyàn wọlé.

Àwa ọmọ Agudà mọ díẹ̀ nínú àrà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Ítálì ló ti wá bá wa. Àwọn Potogí ló gbé e dé Bahia ní Brazil. Àwọn baba wa tó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́hùn-ún gbé e bọ̀ wálé. João Baptista da Costa tó kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ọ̀kan nínú wọn ni. Ẹni tó bá ti dúró níwájú Mọ́sálásí Ńlá Porto-Novo mọ̀ pé ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni wọ́n fún un. Ẹ má kàn wá wí fún àwọn ará Siracusa pé àwa náà ní irú tiwọn o. Tiwọn tóbi.

Alhaji_Ọ̀ṣogbo kọ:
Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Olùkọ́, 878 sí 1086, igba ọdún ó lé mẹ́jọ nìyẹn o! Ẹ fi gbólóhùn kan péré fo igba ọdún bí ẹni fo gọ́tà. Ẹ fún olè Róòmù ní odindi ìpínrọ̀.

Olùkọ́_Adé kọ:
Alhaji, ẹ bínú dáadáa. Ìdí ni pé ohun tó hàn nínú ilé náà láti ìgbà yẹn kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbà á lẹ́yìn náà ò ní ìdí láti tọ́jú ẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé àwọn Mùsùlùmí náà ò wó o. Wọ́n bá òpó, wọ́n kírun láàárín òpó. Àwọn Norman dé, wọ́n gbé ògiri àárín sókè kí òrùlé lè ga, wọn ò sì wó òpó. Ẹ̀yin ẹ kà á, àwọn tó ti ní ilé yìí ti tó mẹ́rin, kò sí èyí tó sọ pé kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìyá_Kọ́lá_Torino kọ:
Wálé, ẹ tún wo ìkòkò ìrìbọmi, ní yàrá àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún. Abọ́ òkúta mábù àwọn Gíríìkì ni, kìnnìún kéékèèké 7 tí wọ́n fi idẹ rọ ló gbé e dúró. Àwọn kìnnìún yẹn, ọ̀rúndún kẹtàlá ni tiwọn. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń ri ọmọ bọmi sí!

Pásítọ̀_Dáre kọ:
Mo rí i nínú fídíò pé wọ́n kọ lẹ́tà Látìnì gàdàgbà-gadagba gba ara ògiri àárín. Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?

Olùkọ́_Adé kọ:
Wọ́n ní ìjọ Siracusa ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ Pétérù Mímọ́, àti pé òun ni ìjọ àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Kristi lẹ́yìn ti Áńtíókù. Róòmù ńkọ́? Ẹ bi wọ́n. Èyí tó dájú láti inú Bíbélì ni ti Pọ́ọ̀lù: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:12, ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Siracusa nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sí Róòmù, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn òpó wa yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún nígbà náà. Tẹ́ńpìlì Atẹ́nà ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù bá ní èbúté.

Wálé_Catania kọ:
Ẹni tí wọ́n ń pè ní Lúsíà yìí ńkọ́? Ìyàwó mi ní gbogbo ilé oúnjẹ àti ọkọ̀ ojú omi ní Siracusa ló ń jẹ́ orúkọ ẹ̀.

ÀǹtíBísí_Siracusa kọ:
Ìyẹn ni ẹ bá ti kọ́kọ́ bi mí! Ẹ jókòó.

Lúsíà Mímọ́, ọmọ bíbí Siracusa ni. Ìgbà tí Diocletian, olú-ọba Róòmù, ń ṣe inúnibíni sí àwọn Kristẹni, ní 304, ni wọ́n pa á. Òun ni wọ́n ń bẹ̀ nítorí ojú, torí náà ẹ óò rí i níbi púpọ̀ tó gbé ẹyinjú méjì dání nínú àwo. Òkú rẹ̀ ò sí ní Siracusa o, ó sì ń dun àwọn ará ibí títí dòní. Àwọn ará Byzantium gbé e lọ sí Constantinople, àwọn ará Venice tún gbé e lọ́hùn-ún ní 1204, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Ní 2004, 2014 àti 2024 wọ́n yá Siracusa ní òkú náà fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ìyá tí mò ń tọ́jú ní, "Wọ́n YÁ wa! Ọmọ wa!" Inú ń bí i gan-an.

Ohun tó kù nílùú ni ère fàdákà rẹ̀, Pietro Rizzo ló ṣe é ní 1599. Inú yàrá àdúrà tirẹ̀ nínú kàtídírà ló ń gbé, àmọ́ wọ́n ń tì í mọ́lẹ̀. Wálé, ẹ ẹ̀ ní rí i lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má retí ẹ̀. Oṣù karùn-ún àti oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣí i. Tó bá di 13 oṣù Kejìlá, àwọn ọkùnrin tó dé fìlà aláwọ̀ ewé (ẹgbẹ́ káfíńtà ló ni fìlà yẹn látijọ́) á gbé e lé èjìká, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ níbi àkàsọ̀ kàtídírà, wọ́n á rìn láti Ortigia kọjá afárá títí dé ṣọ́ọ̀ṣì Borgata níbi tí wọ́n ti pa á. Ó wúwo débi pé wọ́n ń rìn díẹ̀, wọ́n ń dúró díẹ̀. Ẹnì kan á ké, gbogbo èrò á dáhùn "Sarausana jè!", pé ọmọ Siracusa ni. Lọ́jọ́ 20 ni wọ́n ń gbé e padà. Ọ̀pọ̀ ń rìn láìwọ bàtà, nínú òtútù oṣù Kejìlá.

Ọjọ́ 13 yẹn, ẹ ẹ̀ ní rí búrẹ́dì tàbí pasta nílé ìyá wa. Cuccìa la máa ń jẹ. Àlìkámà ni, odidi hóró, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó sè é títí á fi rọ̀, a ó wá pò ó mọ́ wàràkàṣì ricotta àti oyin tàbí ṣokoléètì. Wọ́n ní ìyàn mú ní 1646, ebi ń pa ìlú kú, wọ́n ń gbàdúrà sí Lúsíà nínú kàtídírà, ọkọ̀ tó kó ọkà bá gúnlẹ̀. Ebi ò jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sè é bẹ́ẹ̀. Ti oṣù karùn-ún tí mo sọ, ìrántí ọkọ̀ yẹn ni, wọ́n sì máa ń tú ẹyẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Fadékẹ́_Salvador kọ:
Àǹtí Bísí, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ka tiyín, mo ń rẹ́rìn-ín, torí 13 oṣù Kejìlá kan náà la máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Pilar nílùú Salvador níbí, fún Santa Luzia. Orísun omi kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń fọ ojú. Kò sí cuccìa ní tiwa o. Ilé Bàróòkì ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ̀yìn òkè ló fara tì, iwájú ẹ̀ kọjú sí èbúté.

Tádé_UK kọ:
Caravaggio, ayàwòrán Ítálì yẹn, ńkọ́? Mo gbọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀.

Olùkọ́_Adé kọ:
Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe nínú kàtídírà ṣá. Ní 1608, ó sá kúrò lẹ́wọ̀n ní Malta, ó gúnlẹ̀ sí Siracusa, ó sì ya ìsìnkú Lúsíà fún ṣọ́ọ̀ṣì Borgata tí Àǹtí Bísí sọ. Wọ́n ti gbé àwòrán náà kiri, ó ti lo ọdún díẹ̀ ní Santa Lucia alla Badia, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun pápá kan náà pẹ̀lú kàtídírà. Ẹ béèrè kí ẹ tó fẹsẹ̀ rìn. Àwọn agbẹ́lẹ̀ méjì ló gba iwájú àwòrán yẹn pátá, wọ́n tóbi ju ẹni tí wọ́n fẹ́ sin lọ.

Bíríkìlà_Ìjẹ̀bú kọ:
Ẹ tún fi ojú wá alángbá kan fún mi. Ilé ìjọba ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà, lápá Via Minerva. Giovanni Vermexio ló kọ́ ọ láàárín 1629 sí 1633. Wọ́n máa ń pe bàbá yẹn ní alángbá nítorí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ló bá gbẹ́ alángbá kékeré kan sí etí òkè ilé náà, lápá òsì. Ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ nìyẹn.

Wálé_Catania kọ:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ètò wa rèé: bọ́ọ̀sì àárọ̀ láti Catania, wákàtí kan lé díẹ̀. Via Minerva, alángbá, iwájú ilé, ká tó wọlé. Ṣé àárọ̀ ló dára jù fún fọ́tò?

ÀǹtíBísí_Siracusa kọ:
Ìrọ̀lẹ́. Ìwọ̀-oòrùn ni iwájú ilé kọjú sí, àárọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni òòrùn ti ń yọ, gbogbo ère á dúdú sí yín lójú. Ẹ lọ sétí òkun láàárọ̀, inú àbúrò ìyàwó rẹ á dùn, kí ẹ wá sí kàtídírà lọ́sàn-án, kí ẹ jókòó sí pápá iwájú rẹ̀ nígbà tí òòrùn bá ń wọ̀. Òkúta yẹn á pọ́n bí oyin. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn o, kì í ṣe bákan náà ní gbogbo ìgbà ọdún.

Alhaji_Ọ̀ṣogbo kọ:
Wálé, ẹ gbádùn ibẹ̀. Ìbéèrè mi kù fún Olùkọ́. Ẹ ní àwọn tó gbà á lẹ́yìn wa ò ní ìdí láti tọ́jú ohun tí àwọn Mùsùlùmí ṣe. Ṣé gbogbo Sísílì ló rí bẹ́ẹ̀ ni?

Olùkọ́_Adé kọ:
Rárá, Alhaji. Ẹ lọ sí Kàtídírà Palermo. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnu ọ̀nà gúúsù rẹ̀, òpó tó wà lápá òsì ní ẹsẹ Kùránì tí wọ́n gbẹ́ sí i lára ní Lárúbáwá, Súrà Al-A'raf, ẹsẹ 54. Àwọn tó ń lọ ṣe Mísà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Alhaji_Ọ̀ṣogbo kọ:
Allāhu Akbar. Palermo sí Catania, ṣé ó jìn? Wálé, tí ẹ bá tún ní ìsinmi mìíràn, ẹ bá mi lọ ya òpó yẹn wá. Kí ẹ sún mọ́ ọn o, kí n lè ka lẹ́tà rẹ̀. Mi ò fẹ́ èyí tí ẹ dúró níwájú ẹ̀ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín.